Ta Ni Yóò Rí Oníṣẹ́ Tí Ó Wà Ní Kọ̀rọ̀?

Ní abala yìí, iṣẹ́ tí àwọn ọmọ wa lè fi jẹun láìtijú ni a máa ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Iṣẹ́ tí a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí ti wọ inú ilé púpọ̀ ní ìlú Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ òbí ni kò mọ orí rẹ̀ tí wọn kò sì mọ ìdí rẹ̀. Iṣẹ́ náà ni ṣíṣe ìkànnì fún ènìyàn lórí ayélujára.

Ìkànnì ni ojú ewé tí ilé-ìwé, ilé ìwòsàn, ilé ìtajà tàbí oníṣẹ́ ọwọ́ ní lórí ayélujára, tí ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ nípa wọn lè ṣí lórí fóònù rẹ̀. Àwọn ọmọ wa kan kọ́ iṣẹ́ yìí nígbà tí wọ́n wà ní LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí ní Yunifásítì Àjàyí Crowther ní Ọ̀yọ́. Àwọn mìíràn fi kọ̀ǹpútà kékeré kan kọ́ ọ fúnra wọn nínú yàrá. Wọn kò ní ọ̀gá tí ń san owó oṣù fún wọn. Olúkúlùkù ń dá iṣẹ́ tirẹ̀ ṣe, ó sì ń wá oníbàárà tirẹ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ mọ iṣẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò wá. Oṣù kan yóò kọjá, oṣù kejì yóò kọjá, owó dátà àti owó epo jẹnẹrétọ̀ ń lọ, kò sí oníbàárà. Nígbà tí ó bá rí bẹ́ẹ̀, òmíràn a pa iṣẹ́ náà tì. Òmíràn a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ìlérí tí kò lè mú ṣẹ. Òmíràn sì wà tí ọ̀rẹ́ burúkú yóò sọ fún pé kọ̀ǹpútà kan náà yìí lè mú owó yá ju báyìí lọ. Ẹ mọ ohun tí a ń wí. Nítorí náà, kí a má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ìwé nìkan ni èyí. Ọ̀rọ̀ ilé wa ni.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Ní àtijọ́, oníṣẹ́ a gbé pátákó sí ojú títì, a fi ìkéde sí rédíò, a sì máa retí pé kí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ fún rí sọ fún ẹlòmíràn. Gbogbo wọn ṣì dára lónìí. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyá kan tí ó ní ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí ó fẹ́ kí àwọn òbí lè máa rí èsì ìdánwò ọmọ wọn lórí fóònù. Kì í dúró de pátákó. Yóò mú fóònù rẹ̀, yóò ṣí Google, yóò sì tẹ ọ̀rọ̀ sí i pé òun ń wá ẹni tí ń ṣe ìkànnì fún ilé-ìwé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Bí ọmọ wa bá ń gbé ní òpópónà kejì sí i, ṣùgbọ́n tí Google kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí ó wà ní Èkó ni yóò gba iṣẹ́ náà.

BÍ GOOGLE ṢE Ń WÁ OHUN TÍ Ó Ń FI HÀN

Kí a tó sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe, ó yẹ kí a mọ bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Ní 1998 ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ méjì láti Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Larry Page àti Sergey Brin, dá ilé-iṣẹ́ Google sílẹ̀. Ẹ̀rọ tí ń wá nǹkan lórí ayélujára ti wà ṣáájú wọn, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn gbẹ́kẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tí onítọ̀hún kọ sójú ewé ara rẹ̀. Ohun tí àwọn méjì yìí fi kún un ni ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Wọ́n ní bí ojú ewé kan bá tọ́ka sí òmíràn, ó dà bí ẹni tí ó jẹ́rìí ẹnìkejì rẹ̀, àti pé ẹ̀rí ẹni tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ wúwo ju ẹ̀rí ẹni tí a kò mọ̀ rí lọ. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa. Bí a bá fẹ́ fẹ́ ìyàwó fún ọmọ, ṣé ẹnu ọmọbìnrin náà nìkan ni a ti ń gbọ́ nípa ìwà rẹ̀ ni? A kì í ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìpele mẹ́ta ni iṣẹ́ Google ní. Ní ìpele kìíní, ẹ̀rọ rẹ̀ ń rìn kiri láti ojú ewé kan dé òmíràn, ó ń tẹ̀lé ìtọ́ka tí ó so wọ́n pọ̀. Ní ìpele kejì, ó ń ka ohun tí ó rí, ó sì ń fi í sínú atọ́ka ńlá kan, bí atọ́ka ẹ̀yìn ìwé tí ń sọ ojú ewé tí a ti lè rí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìpele kẹta, bí ènìyàn bá béèrè nǹkan, ó ń wo atọ́ka yìí, ó sì ń to èsì sílẹ̀, èyí tí ó rò pé ó bá ìbéèrè náà mu jùlọ ni yóò wà lókè. Iṣẹ́ títún ìkànnì ṣe kí ó lè rọrùn fún Google láti rí i, kí ó lè yé e, kí ó sì lè fi í han ẹni tí ó ń wá irú rẹ̀, òun ni àwọn oníṣẹ́ ń pè ní SEO.

Ẹ jẹ́ kí èyí yé wa dáadáa. Òótọ́ ni pé Google ń gba owó ìpolówó, ṣùgbọ́n ó máa ń kọ ọ́ sí i lára pé ìpolówó ni. Ní ti àwọn èsì tí kì í ṣe ìpolówó, kò sí owó tí ènìyàn lè san fún Google kí ó fi gbé e sókè. Mẹ́ta pàtàkì nínú ohun tí ó ń gbé ènìyàn sókè níbẹ̀ nìyí: kí ohun tí o kọ dáhùn ìbéèrè ẹni tí ń wá ọ, kí ojú ewé rẹ rọrùn láti ṣí, kí àwọn ẹlòmíràn sì lè jẹ́rìí sí ọ. Ní kúkúrú, òtítọ́ tí a kọ síta ní gbangba ni.

Ọ̀RỌ̀ TÍ OLÙWÁ Ń LÒ

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jùlọ láàárín àwọn ọ̀dọ́ wa ni pé wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ tí ó dùn mọ́ wọn lẹ́nu sórí ìkànnì wọn, wọn kò kọ ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń lò. Ẹ óò ṣí ìkànnì ọmọ kan, ẹ óò rí i tí ó kọ ọ́ pé òun ni àgbà nínú ìmọ̀ ìgbàlódé, pé òun ń sọ àlá di òdodo. Ta ni yóò jókòó sílé rẹ̀ tí yóò tẹ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí Google? Onílé-ìwé yóò tẹ ìkànnì ilé-ìwé. Onílé ìtura yóò tẹ ìkànnì tí àlejò ti lè gba yàrá sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn yóò fi orúkọ ìlú wọn kún un, wọn yóò sì béèrè iye owó.

Àwa tí a wà ní Ọ̀yọ́ tún ní ìṣòro kan tí ọ̀pọ̀ ará ìlú mìíràn kò ní. Orúkọ ìlú wa ni orúkọ ìpínlẹ̀ wa. Bí oníṣẹ́ bá kọ Ọ̀yọ́ nìkan, Google lè rò pé ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ó ń wí, kí àwọn tí ó wà ní Ìbàdàn sì kún ojú ewé náà. Èyí nìkan kọ́. Ilé-iṣẹ́ ilé ìtura ńlá kan wà ní Íńdíà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ OYO, èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ń jẹ́ Ritesh Agarwal dá sílẹ̀ ní 2013, tí ó sì ti tàn kálẹ̀ dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn. Ilé ìtura tí ó wà ní ìlú Aláàfin tí ó bá kọ kìkì pé òun jẹ́ ilé ìtura Ọ̀yọ́ ń bá ilé-iṣẹ́ náà du orúkọ kan náà láìmọ̀. Nítorí náà, kí oníṣẹ́ kọ ọ́ kedere pé ìlú Ọ̀yọ́ ni òun wà, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ní Nàìjíríà, kí ó sì dárúkọ àdúgbò tí àwọn ènìyàn mọ̀, bí Òwòdé tàbí Akẹ̀sán.

Ti Ògbómọ̀ṣọ́ yàtọ̀ díẹ̀. Ọ̀nà méjì ni àwọn ènìyàn ń gbà kọ ọ́ lórí fóònù: àwọn kan ń kọ Ogbomoso, àwọn mìíràn ń kọ Ogbomosho. Púpọ̀ ni kì í fi àmì ohùn sí i rárá. Kí oníṣẹ́ má gbé gbogbo rẹ̀ lé Google lọ́wọ́. Kò sí ohun tí ó burú bí ọ̀nà méjèèjì bá fara hàn lójú ewé rẹ̀ níbi tí ó bá ti bá ọ̀rọ̀ mu. Ṣùgbọ́n kí ó má ṣe to orúkọ ìlú jọ bí ẹni ń ka orúkọ nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀, nítorí Google ka irú ìyẹn sí ẹ̀tàn.

OHUN TÍ Ó YẸ KÍ OLÙDÁṢIṢẸ́ ṢE

Ìwọ ọmọ wa tí o ń ṣe iṣẹ́ yìí, mú ìwé àti kálàmù, kí o kọ àwọn nǹkan wọ̀nyí sílẹ̀.

Èkíní, ní ìkànnì tìrẹ lábẹ́ orúkọ tìrẹ. Ó ya ni lẹ́nu pé télọ̀ kan a máa wọ aṣọ yíya. Ohun tí o bá gbé sí ipò WhatsApp rẹ, wákàtí 24 ni yóò lò, yóò sì parẹ́. Facebook dára, ṣùgbọ́n ilé onílé ni. Google fúnra rẹ̀ ń fún àwọn oníṣòwò ní ìkànnì kékeré lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà kan rí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024 ni ó pa gbogbo wọn dé. Ẹni tí kò ní ju ìyẹn lọ padà di aláìnílé. Orúkọ tí ó parí sí .ng tàbí .com.ng wà fún àwa ará Nàìjíríà, ẹgbẹ́ NiRA ni ó ń bójú tó o, àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fún ní àṣẹ sì ń tà á fún ẹni tí ó bá fẹ́.

Èkejì, fún iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí o ń ṣe ní ojú ewé tirẹ̀. Má kó iṣẹ́ ilé-ìwé, iṣẹ́ ilé ìtura àti iṣẹ́ ilé ìtajà pọ̀ sójú kan. Àkọlé ojú ewé kọ̀ọ̀kan ni kí ó sọ iṣẹ́ náà àti ìlú náà ní ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí àkọlé yìí ni Google sábà máa ń fi han ẹni tí ń wá nǹkan. Nísàlẹ̀ rẹ̀, sọ ohun tí oníbàárà yóò gbà, iye ọjọ́ tí yóò gbà, àti ibi tí owó rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá fi iye owó pamọ́ ń lé àwọn tí ojú ń tì láti béèrè lọ.

Ẹ̀kẹta, fi iṣẹ́ tí o ti ṣe hàn. Yan mẹ́ta nínú wọn, kí o gba àṣẹ lọ́wọ́ olówó iṣẹ́, kí o sì sọ ìtàn kọ̀ọ̀kan: ohun tí ó dààmú rẹ̀ kí o tó dé, ohun tí o ṣe, àti ohun tí ó yí padà. Bí o kò bá tíì ní oníbàárà kan, wo àyíká rẹ. Àwọn tí ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, àwọn tí ń hun aṣọ òkè wà níbẹ̀, àwọn tí ń ta kajú ní Ògbómọ̀ṣọ́ wà níbẹ̀. Púpọ̀ wọn ni ẹni tí ó wà lókèèrè kò lè rí. Ṣe iṣẹ́ fún ẹnì kan ní owó kékeré, ṣùgbọ́n kí o ṣe é bí ẹni tí a san owó ńlá fún.

Ẹ kò ní tíì gbàgbé iná tí ó jó ọjà Akẹ̀sán ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kìíní ọdún 2020. Ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tún ọjà náà kọ́ lẹ́yìn náà. Ṣùgbọ́n ẹ ronú nípa oníṣòwò tí oníbàárà rẹ̀ kò mọ̀ ju ìsọ̀ rẹ̀ lọ. Bí ìsọ̀ bá jóná, oníbàárà ti ṣìnà nìyẹn. Ẹni tí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti ohun tí ó ń tà bá wà ní ibi tí iná kò lè dé lè sọ fún àwọn ènìyàn ní ọjọ́ kejì pé ibi báyìí ni òun wà nísinsìnyí. Bí o bá ń bá àwọn ìyálọ́jà sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ rẹ, irú ọ̀rọ̀ yìí ni yóò yé wọn.

Ẹ̀kẹrin, fi orúkọ iṣẹ́ rẹ sílẹ̀ nínú Google Business Profile, kí ó lè máa hàn lórí máàpù. Ọ̀fẹ́ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2014 pẹ̀lú orúkọ Google My Business, ní 2021 ni wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà. Bí o bá ń ṣiṣẹ́ nínú ilé, tí o kò fẹ́ kí àlejò máa kanlẹ̀kùn, ó gbà ọ́ láyè láti fi àdírẹ́sì pamọ́, kí o sì sọ àwọn ìlú tí o ń dé. Ohun mẹ́ta ni Google sọ pé òun ń wò níbẹ̀: bí iṣẹ́ rẹ ṣe bá ìbéèrè mu, bí o ṣe jìnnà tó sí ẹni tí ń wá ọ, àti bí àwọn ènìyàn ṣe mọ̀ ọ́ tó. Nítorí èyí, ọmọ tí ó wà ní Under G lè borí ilé-iṣẹ́ ńlá tí ó wà ní Èkó, bí ẹni tí ń wá oníṣẹ́ bá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Sọ fún oníbàárà tí inú rẹ̀ dùn pé kí ó kọ ohun tí ó rí síbẹ̀. Má ṣe fi owó tàbí ẹ̀bùn rà á, nítorí Google kò gbà bẹ́ẹ̀. Má sì ṣe sọ fún àbúrò rẹ pé kí ó ṣe bí oníbàárà.

Ẹ̀karùn-ún, jẹ́ kí ìkànnì rẹ fúyẹ́. Fóònù ni púpọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa ń lò, owó ni wọ́n sì fi ń ra dátà. Àwòrán ńláńlá tí ó ń pẹ́ kí ó tó jáde yóò lé oníbàárà sẹ́yìn. Láti ọdún 2015 ni Google ti ń fi ojú rere wo ìkànnì tí ó rọrùn lórí fóònù bí ẹni tí ń wá nǹkan bá ń lo fóònù. Nísinsìnyí, bí ìkànnì ṣe rí lórí fóònù ni ó ń kà sí ojú rẹ̀ gan-an. Dín àwòrán kù kí o tó gbé e sórí rẹ̀, kí o sì fi fóònù olówó pọ́ọ́kú dán an wò, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò ti dára.

Ẹ̀kẹfà, wá ẹlẹ́rìí. Bí o bá ṣe ìkànnì fún ilé-ìwé, béèrè bóyá wọn yóò jẹ́ kí orúkọ rẹ wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ tàbí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ bá ní ìkànnì, jẹ́ kí wọ́n dárúkọ rẹ síbẹ̀. Ẹ̀rí kan láti ọ̀dọ̀ ẹni tí ó mọ̀ ọ́ ní Ọ̀yọ́ sàn ju ọgọ́rùn-ún tí a rà lọ́wọ́ àjèjì lọ.

Ẹ̀keje, lo Google Search Console, ọ̀fẹ́ ni òun náà. Yóò fi hàn ọ́ bóyá Google ti rí ojú ewé rẹ, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn tẹ̀ kí wọ́n tó rí ọ. Lẹ́yìn náà, ní sùúrù. Google fúnra rẹ̀ sọ ní 2017 pé ó sábà máa ń gba oṣù mẹ́rin sí ọdún kan kí ènìyàn tó rí èrè irú iṣẹ́ yìí. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

Ẹ ṢỌ́RA FÚN ÌLÉRÍ ỌJỌ́ MÉJE

Àwọn kan wà tí ń kọ ìwé sí oníṣòwò pé bí ó bá san owó báyìí, àwọn yóò gbé e dé ipò kìíní lórí Google láàárín ọjọ́ méje. Ẹ má ṣe gbà wọ́n gbọ́. Google ti kọ ọ́ síta pé kò sí ẹnikẹ́ni tí ó lè ṣe ìlérí ipò kìíní. Ìwọ náà tí o ń wá oníbàárà, má ṣe jẹ́ kí ebi mú ọ ṣe irú ìlérí bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé, Màmá, mo lè tún ìkànnì yín ṣe kí Google lè rí i kí ó sì yé e, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo ni Google. Ẹni tí ó bá gbọ́ èyí tí ó sì lọ sọ́dọ̀ òpùrọ́ yóò padà wá.

Kì í ṣe ọmọ kékeré nìkan ni ẹ̀tàn ń mú lọ́wọ́. Ní 2006, ìkànnì ilé-iṣẹ́ BMW ní Jámánì ń fi ojú ewé kan han ẹ̀rọ Google, ó sì ń gbé ènìyàn lọ sí òmíràn. Google yọ ọ́ kúrò nínú èsì rẹ̀ títí tí wọ́n fi tún un ṣe. Ní oṣù kejì ọdún 2011, ìwé ìròyìn New York Times tú àṣírí pé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìtọ́ka tí a rà ni ó gbé ilé ìtajà JCPenney ní Amẹ́ríkà dé òkè èsì fún oríṣiríṣi ọjà. Ilé ìtajà náà ní òun kò mọ̀ sí i, ó sì lé ilé-iṣẹ́ tí ń bá a ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n Google ti já a wálẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún àwọn olówó wọ̀nyí, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí aṣọ títà ní Sábó? Irọ́ lè tanná, kì í so èso.

Ẹ̀tàn tuntun tún ti dé. Ẹ̀rọ tí ń fúnra rẹ̀ kọ̀wé ti wà báyìí, ó sì lè kọ ọgọ́rùn-ún ojú ewé kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Google kéde pé òun yóò gbógun ti àwọn tí ń kó irú rẹ̀ jọ lọ́pọ̀ yanturu láti fi gba ipò láìṣe ènìyàn ní àǹfààní. Ẹ̀rọ náà lè bá ọ tún gírámà ṣe, ṣùgbọ́n kò mọ ohun tí o ṣe fún onílé-ìwé ní Òwòdé. Ìwọ nìkan ni o lè sọ ìyẹn.

Ọ̀RỌ̀ FÚN Ẹ̀YIN ÒBÍ ÀTI Ẹ̀YIN OLÓWÓ IṢẸ́

Ẹ̀yin òbí, a mọ ìbẹ̀rù yín. Ọmọ ń fi òru ṣíṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà, ẹ kò sì mọ ohun tí ó ń ṣe. Ẹ má ṣe pariwo mọ́ ọn, ẹ má sì ṣe dákẹ́. Ẹ jókòó tì í, ẹ sọ pé, Fi ìkànnì rẹ hàn mí. Ẹ wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ gan-an wà níbẹ̀, bóyá ìlú rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà níbẹ̀, bóyá ẹ lè pe ẹnì kan tí ó ṣe iṣẹ́ fún. Ẹni tí ń jalè kì í gbé pátákó síta. Ní 2020, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ń fẹ̀hónú hàn lórí àwọn ọlọ́pàá SARS, tí ọ̀rọ̀ náà dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọ̀kan nínú ohun tí wọ́n ń ké sí ni pé wọ́n ń mú ọ̀dọ́ bí ọ̀daràn kìkì nítorí pé kọ̀ǹpútà wà nínú báàgì rẹ̀. Ìkànnì kò lè dá ọlọ́pàá dúró, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó wà ní gbangba pẹ̀lú orúkọ ẹni jẹ́ ohun tí bàbá àti ìyá lè fi ọwọ́ sọ̀yà lé lórí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún wọn, a bẹ̀ yín. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe sọ pé nítorí pé a jọ ń jọ́sìn, kí ọmọ ọlọ́mọ máa ṣe iṣẹ́ oṣù kan lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ kì í sọ bẹ́ẹ̀ fún bíríkìlà. Ẹ san àsansílẹ̀, kí ẹ sì san ìyókù ní àsìkò. Ìwọ ọ̀dọ́ pẹ̀lú, orúkọ ìkànnì tí o bá rà fún oníbàárà, orúkọ oníbàárà ni kí o fi rà á, kí o sì kó kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó há orúkọ oníbàárà mọ́wọ́ láti fi gba owó kún owó ti ba ẹ̀rí ara rẹ̀ jẹ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí olúkúlùkù oníṣẹ́ ìkànnì tí ó bá ka ọ̀rọ̀ wa mú fóònù ẹlòmíràn, kí ó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ àti ìlú rẹ̀ sí Google bí oníbàárà yóò ṣe tẹ̀ ẹ́. Bí kò bá rí ara rẹ̀, kí ó bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní. Kí ẹ̀yin òbí sì ràn án lọ́wọ́ pẹ̀lú owó dátà oṣù kan, kí ẹ sì dárúkọ rẹ̀ fún ẹnì kan tí ẹ mọ̀ pé ó nílò iṣẹ́ rẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ wa kò ní dùbúlẹ̀ ní kọ̀rọ̀.